Súwíìtì tí kò ní gluten: ìfiwéra fún ẹni tí ó fẹ́ rà á fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ

Ẹni tí ó bá ní àrùn celiac, tàbí tí ó ń tọ́ ọmọ tí ó ní in, ti mọ̀ pé búrẹ́dì, bisikíìtì, mákárónì àti pọ́fù-pọ́fù ti di èèwọ̀. Kò ṣòro púpọ̀ láti yẹra fún àwọn wọ̀nyí, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé fúláwà ni a fi ń ṣe wọ́n. Súwíìtì ni ó ń kó ìdààmú bá ènìyàn. Ẹni tí ó bá wo súwíìtì pupa gbọọrọ kan tí ó ń fà lẹ́nu ọmọ kò ní ronú kan fúláwà rárá, bẹ́ẹ̀ fúláwà wà nínú rẹ̀, ó sì pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé súwíìtì kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, kí n sì gbé òfin ilẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ òfin ilẹ̀ mìíràn, kí ẹni tí ó bá dúró níwájú pẹpẹ ìtajà lè mọ ibi tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ.

Gluten ni púrótéènì tí ó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Òun ni ó ń jẹ́ kí fúláwà tí a fi omi pò máa fà. Nínú ara ẹni tí ó ní celiac, agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn a máa ka gluten sí ọ̀tá, níbi tí ó sì ti ń bá a jà ni ó ti ń ba ara ìfun kékeré jẹ́, débi pé oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ kò ní lè ṣe ara lóore bí ó ti yẹ mọ́. Nǹkan bí ènìyàn kan nínú 100 ni ó ní àrùn yìí káàkiri àgbáyé. Kò tíì sí oògùn tí ó ń wò ó. Yíyẹra fún gluten títí ayé ni ìtọ́jú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó lè ṣe ìpalára kéré gan-an: ègé búrẹ́dì kan ṣoṣo máa ń ní gluten tí ó tó gíráàmù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé mílígíráàmù 50 lójúmọ́, èyí tí kò ju ìdá kan nínú 40 ègé búrẹ́dì náà lọ, lè ba ìfun jẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Súwíìtì kékeré tí ọmọ ń jẹ lójoojúmọ́ tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kí ẹni tí ó bá ń fura pé òun ní àrùn yìí má sì ṣe dá oúnjẹ onígluten dúró kí dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé bí ó bá ti pẹ́ tí ó ti jáwọ́ nínú rẹ̀, àyẹ̀wò náà lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà níbẹ̀.

"Gluten free" àti "wheat free"

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rò pé ọ̀kan náà ni àkọlé méjèèjì yìí. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ ìjọba tí ó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé òfin jáde ní ọdún 2013, ó sì di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, pé gluten tí ó wà nínú oúnjẹ tí a bá kọ "gluten free" sí lára kò gbọdọ̀ tó mílígíráàmù 20 nínú kílò kan. Mílígíráàmù 20 yìí kan náà ni ààlà tí Ìlú Ọba àti àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń lò. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọmọ tí ó jẹ irú súwíìtì bẹ́ẹ̀ tó 100 gíráàmù, èyí tí ó ti pọ̀ jù fún eyín rẹ̀, kò lè rí ju mílígíráàmù méjì lọ. Ní ti "wheat free", ohun tí ó ń sọ kò ju pé kò sí àlìkámà. Ọkà báálì lè wà níbẹ̀, ọkà ráì náà sì lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí súwíìtì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nínú àkọlé wọ̀nyí, èyí tí a kọ "gluten free" sí ni kí ẹ mú, bí ó tilẹ̀ wọ́n jù èkejì lọ.

Àwọn àmì kan tún wà tí ó ń mú ìrajà yá. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ Coeliac UK ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìyọ̀ǹda láti lo àmì ṣírí ọkà tí a fi ìlà dábùú nínú òbìrí kan. Ní Amẹ́ríkà, àmì GFCO, ẹgbẹ́ kan tí ó ń yẹ oúnjẹ aláìnígluten wò tí ó sì ń fọwọ́ sí i, ni ó wọ́pọ̀, ààlà tiwọn sì le ju ti ìjọba lọ, nítorí pé mílígíráàmù 10 nínú kílò kan ni wọ́n fi sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọkàn balẹ̀ pátápátá lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Brazil: òfin wo ni ó ń dáàbò bo ẹni tí ń rà jù?

Níbí ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tí ó ń gbé lókè òkun ti ń ṣìnà, pàápàá àwọn tí ó ti gbé ní ilẹ̀ kan rí kí wọ́n tó kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2004, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2006, sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-iṣẹ́ kéde àlìkámà ní gbangba lára oúnjẹ, pẹ̀lú wàrà, ẹyin, ẹ̀pà àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Kò fi ọkà báálì àti ọkà ráì kún un. Ní Ìlú Ọba, òfin tí wọ́n jogún láti ọ̀dọ̀ Yúróòpù ka gbogbo ọkà tí ó ní gluten mọ́ ohun tí a gbọdọ̀ kéde, títí kan ọkà báálì, ọkà ráì àti ọ́ọ̀tì pàápàá, ó sì ní kí orúkọ wọn yàtọ̀ sí ti èròjà yòókù. Lẹ́tà dúdú kirikiri ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a yí ṣokoléètì méjì padà kí a wo ẹ̀yìn wọn. Milky Way ti Amẹ́ríkà àti Mars ti Ìlú Ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: kárámẹ́ẹ̀lì lókè, ohun rírọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣokoléètì yí wọn ká. Ọkà báálì wà nínú àwọn méjèèjì. Lára ti Ìlú Ọba, ẹ óò rí "barley malt extract", ọ̀rọ̀ "barley" á sì dúdú ju àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká lọ, débi pé ẹni tí ó ń kánjú pàápàá kò lè ṣàìrí i. Lára ti Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́dọ̀ ka àwọn èròjà náà títí dé apá ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti sọ pé ohun tí ó kù kò tó ìdá méjì nínú 100, kí ẹ tó rí "malted barley" láàárín kòkó àti iyọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́ bíi ti gbogbo ìyókù. Ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Contains" wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì dárúkọ wàrà, ẹyin àti sóyà nìkan. Ìlà náà kò purọ́, nítorí pé kò sí àlìkámà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òbí tí ó bá ka ìlà yẹn nìkan yóò gbé e sínú agbọ̀n. Nítorí náà, ní Amẹ́ríkà, ìlà "Contains" kò tó. Gbogbo èròjà ni kí ẹ kà, kí ẹ sì máa wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin: wheat (àlìkámà), barley (ọkà báálì), rye (ọkà ráì) àti malt (mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà tí a rẹ kí ó hù, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọkà báálì).

Ní ojú tèmi, Brazil ni ó ṣe é dára jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin 10.674 ti ọdún 2003 pàṣẹ níbẹ̀ pé gbogbo oúnjẹ tí a dì fún títà gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan nínú gbólóhùn méjì lára: "contém glúten", pé gluten wà níbẹ̀, tàbí "não contém glúten", pé kò sí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kankan kò lè dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ni ó ń dá wa láàmú ní àwọn ilẹ̀ tí ó kù, nítorí pé páálí tí kò sọ nǹkan kan lè jẹ́ ti súwíìtì tí ó mọ́ tónítóní, ó sì lè jẹ́ ti èyí tí wọn kò yẹ̀ wò rí.

Ọ̀rọ̀ "may contain" jẹ mọ́ èyí. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń fínnúfíndọ̀ kọ ọ́, ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba; òfin kò fi dandan lé e. Cadbury Dairy Milk tí a ń tà ní Ìlú Ọba kò ní ọkà kankan nínú èròjà rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé àlìkámà lè kàn án níbi tí a ti ń ṣe é. Mo mọ àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ tí wọ́n ń sọ pé kò ṣe àwọn ní nǹkan kan. Fún ẹni tí ó ní celiac, èmi kò lè gbà á nímọ̀ràn, nítorí pé inú lè má run ẹni síbẹ̀ kí ìfun máa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tí ó kọ ọ́ ti sọ òótọ́ fún wa, nígbà tí ẹlòmíràn tí kò kọ nǹkan lè máa lo irú ẹ̀rọ kan náà.

Orúkọ kan náà, súwíìtì ọ̀tọ̀

Bí ẹnì kan bá ní láti rántí ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ Smarties ni mo fẹ́ kí ó jẹ́. Smarties ti Ìlú Ọba, tí Nestlé ń ṣe, jẹ́ ṣokoléètì kéékèèké tí a fi ṣúgà aláwọ̀ oríṣiríṣi bò, fúláwà àlìkámà sì wà nínú èròjà rẹ̀. Smarties ti Amẹ́ríkà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá, kò sì ní ṣokoléètì kankan; súwíìtì wẹ́wẹ́ tí ó kan díẹ̀ ni, tí a tò sínú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, ilé-iṣẹ́ náà sì sọ pé kò ní gluten. Ẹ wo ọmọ tí ìyá rẹ̀ àgbà ní New Jersey ti sọ fún lórí fóònù pé Smarties kò léwu fún un, tí ó wá ń gbé ní London. Ìyá àgbà kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ yóò pa ọmọ náà lára.

Ó tún ṣẹlẹ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ kan náà. Haribo oní-béárì, tí wọ́n ń pè ní Goldbears, kò ní fúláwà nínú èròjà rẹ̀. Haribo dúdú tí a ká bí okùn, èyí tí a fi likọríìsì, gbòǹgbò igi dídùn kan, ṣe, ní fúláwà àlìkámà. Reese's Peanut Butter Cups tí ó rí roboto, tí a ń tà ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ gbogbo, máa ń ní àkọlé "gluten free", ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń ṣe ní àwòrán ẹyin nígbà Àjíǹde tàbí ní àwòrán igi nígbà Kérésìmesì kì í sábà ní àkọlé náà. Ìtọ́wò wọn jọra. Kò sí ohun tí ahọ́n lè sọ fún yín nípa ìyàtọ̀ náà. M&M's náà rí bẹ́ẹ̀: ti lásán ní Amẹ́ríkà kò ní èròjà onígluten, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi pretzel, ìpápánu líle oníyọ̀ tí a fi fúláwà ṣe, sínú rẹ̀ ní àlìkámà.

Ẹ̀yà wo ni ó rọrùn jù láti yàn?

Súwíìtì líle tí a fi ṣúgà sísè ṣe, èyí tí a ń pọ́n lá, ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ṣúgà, omi ṣúgà, àwọ̀ àti òórùn ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kò sì sí ibi tí ọkà ti lè rọrùn wọlé. Àwọn tí ó rọ̀, tí a fi gelatin tàbí pectin, àwọn ohun tí ó ń mú súwíìtì dì, ṣe, tẹ̀ lé e. Gelatin kò ní gluten, ṣùgbọ́n ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà ti ń yọ ọ́, nítorí náà Mùsùlùmí tí ó ní celiac ní ohun méjì láti wá lára páálí, kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹ̀yìn wọn ni ṣokoléètì wà. Kòkó, ṣúgà, wàrà àti ọ̀rá kòkó kò ní gluten. Ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Kit Kat àti Twix kò fi tiwọn pamọ́, bisikíìtì wà nínú wọn. Ìrẹsì tí ó ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ṣokoléètì ni ó ń tan ènìyàn jù: ìrẹsì fúnra rẹ̀ kò léwu, ṣùgbọ́n mọ́ọ̀tì ọkà báálì ni wọ́n sábà fi ń fún un ní adùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú Rice Krispies. Maltesers àti Whoppers kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a máa jíròrò lé lórí. Mọ́ọ̀tì ni gbogbo inú wọn.

Likọríìsì ni ó burú jù. Gbòǹgbò igi likọríìsì kò ní gluten, ṣùgbọ́n fúláwà ni wọ́n fi ń gbé súwíìtì náà dúró kí ó lè fà. Lára Twizzlers, fúláwà àlìkámà ni èròjà kejì, ṣáájú ṣúgà pàápàá. Àwọ̀ pupa rẹ̀ àti òórùn ẹ̀so rẹ̀ kò yí èyí padà. Liquorice Allsorts ti Bassett's náà ní fúláwà. Ẹni tí kò bá lè gbé láì jẹ likọríìsì gbọ́dọ̀ wá èyí tí a dìídì ṣe láì lo àlìkámà, tí a sì kọ "gluten free" sí lára.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dẹ́rù bani láìnídìí, mo sì fẹ́ mú ẹ̀rù náà kúrò. Maltodextrin, maltitol àti maltose jọ mọ́ọ̀tì ní orúkọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe mọ́ọ̀tì ọkà báálì. Àgbàdo ni wọ́n sábà fi ń ṣe maltodextrin ní Amẹ́ríkà. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń fi àlìkámà ṣe omi ṣúgà tí wọ́n ń pè ní glucose syrup, ṣùgbọ́n ìṣètò rẹ̀ ti fọ gluten kúrò débi pé òfin yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí a gbọdọ̀ kéde. Ẹ má ṣe tìtorí glucose syrup nìkan gba súwíìtì lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí "malt", "malt extract" tàbí "malt flavouring", tí wọn kò sì sọ irú ọkà tí ó ti wá, ẹ kà á sí ọkà báálì.

Ní ìlú tí a ti ń ta súwíìtì nípa bíbù ú láti inú àpótí, ìdáhùn mi kúrú: ẹ má rà á. Ṣíbí tí a fi bu èyí tí ó ní fúláwà ni a óò fi bu èkejì.

Súwíìtì ilé wa

Ọ̀pọ̀ ohun dídùn tí a ń jẹ láti ìgbà èwe ni kò ní gluten nípa àbùdá rẹ̀, èyí sì jẹ́ ọrọ̀ tí ẹni tí ó ní celiac ní ilẹ̀ wa kò mọ̀ pé òun ní. Bàbá dúdú, tí a fi àgbọn àti ṣúgà ṣe, kò ní ọkà kankan. Sìsí pẹlẹbẹ náà, ẹ̀pà àti ṣúgà ni. Gúgúrú jẹ́ àgbàdo, àádùn jẹ́ àgbàdo pẹ̀lú epo pupa, kókóró náà sì jẹ́ àgbàdo. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, àwọn obìnrin tí ó ń ta acarajé, tí í ṣe àkàrà wa, ń ta cocada lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbọn àti ṣúgà náà sì ni.

Ẹ wá fi wọ́n wé àwọn tí ó jọ wọ́n. Ẹ̀pà sísun àti peanut burger máa ń wà nínú irú ìgò kan náà lórí tábìlì kan náà, ṣùgbọ́n fúláwà, ẹyin àti ṣúgà ni a fi bo ẹ̀pà kejì kí a tó dín in. Ó jẹ́ ẹ̀pà lójú ọmọ. Fún ìfun rẹ̀, búrẹ́dì ni. Gúródì nílò ìbéèrè, nítorí pé sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ni àwọn kan fi ń ṣe é, àwọn mìíràn sì ń fi fúláwà sí i. Kókóró tí a dín nínú epo tí a ti fi dín pọ́fù-pọ́fù tàbí chin-chin kò sí lára ohun tí mo lè sọ pé ó mọ́. Ìyàtọ̀ láàárín bàbá dúdú tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ àti èyí tí ẹ rà nínú ọ̀rá lójú pópó ni pé ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ pé, "Ìyá, kí ni ẹ fi ṣe é, kí ni ẹ sì tún ń dín nínú ìkòkò yìí?" NAFDAC ń béèrè pé kí èròjà wà lára oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ dì, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí a dì nílé kì í ní nǹkan kan lára.

Nípa Milo, Bournvita àti Ovaltine tí àwọn ọmọdé ń lá gbígbẹ gẹ́gẹ́ bí súwíìtì, mọ́ọ̀tì wà nínú wọn, nítorí náà kí ẹ yẹra fún wọn àti fún èyí tí a sọ di kúbúsì. Lóòótọ́, mọ́ọ̀tì ní Nàìjíríà lè wá láti ara ọkà bàbà tí kò ní gluten, nítorí pé lẹ́yìn tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní ọdún 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí yíjú sí ọkà bàbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi ìyẹn dá ara yín lójú àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́.

Ohun kan kù tí ó kan àwọn tí ó ń gbé ẹrù wálé láti òkè òkun. Kí àpótí lè fúyẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, a máa ń tú súwíìtì kúrò nínú páálí ńlá, a ó sì kó wọn sínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni èròjà ti máa ń sọnù, nítorí pé ọ̀rá kékeré tí ó wé ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í sábà ní nǹkan kan lára ju orúkọ lọ. Kí ẹni tí ó ń bọ̀ ya àwòrán ẹ̀yìn páálí náà kí ó tó jù ú nù, kí ó fi ránṣẹ́ sí òbí ọmọ lórí WhatsApp, kí ó sì kọ orílẹ̀-èdè tí ó ti rà á sí i. Bí àwòrán kò bá sí, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò ní celiac ni kí a fún ní súwíìtì náà, kí a sì fún ọmọ tí ó ní in ní bàbá dúdú.